Ẹ Yéé Lé Òórùn, Omi Ni Kẹ́ Ẹ Wá

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bowie ní Maryland ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wa, la kó gbogbo ẹrù wa sí: fírísà, kúlà àti ìkòkò ayẹyẹ, àpò èlùbọ́, aṣọ ẹbí oríṣiríṣi nínú Ghana-must-go. Láti oṣù Kẹfà ni ibẹ̀ ti ń rùn, òórùn aṣọ tó bu. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí fèrèsé kékeré méjèèjì kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo da káńfọ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀, mo tan tùràrí, mo fọ́n èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ilé ìwẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é tó ni òórùn náà ń le sí i. Mo lóyún, màmá mi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹsàn-án láti wá wẹ ọmọ. Bésímẹ́ǹtì yẹn la fẹ́ kí wọ́n máa sùn. Aṣọ tí àwọn ìbejì lò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ náà wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ lò ó. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Bowie)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, a kú oríire Ìdòwú tó ń bọ̀. Ẹ ó sọ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Nítorí Ìdòwú yẹn ni mo ṣe fẹ́ mú ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ṣáájú, ká tó dé orí òórùn.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì kó káńfọ̀ yẹn kúrò lónìí, kó má di ọ̀la. Káńfọ̀ funfun roboto tí a máa ń kó bọ̀ láti Nàìjíríà, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sì máa fà á símú. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tó ti sùn sínú káńfọ̀, naphthalene á máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú àti ara rẹ̀ á di yẹ́lò, ibà pọ́njú nìyẹn, bó bá sì le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àwọn dókítà ọmọdé nílé ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fòfin dè é ní àwọn orílẹ̀-èdè Àpapọ̀ Yúróòpù. Níbí ní Amẹ́ríkà, òfin gbà á, ṣùgbọ́n inú ohun tí a dé pa pinpin tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde nìkan ni. Kéèyàn fọ́n ọn sí kọ̀rọ̀ ilé lòdì sí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Aṣọ àwọn ìbejì ńkọ́? Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a síta gbangba, kí wọ́n tún un fọ̀. Bí imú bá ṣì gbọ́ káńfọ̀ lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan Ìdòwú lára. Ẹ sì tètè sọ fún Màmá kí wọ́n tó gbéra ní Abẹ́òkúta, torí mo mọ̀ pé káńfọ̀ á ti wà láàárín ìró tí wọ́n ń dì sínú àpótí.

Ó yá, ká wá sọ̀ kalẹ̀ sí bésímẹ́ǹtì. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ebu ló ń mú un jáde, ebu kò sì lè hù níbi tí kò sí omi. Oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ nínú ilé: páálí, igi, eruku, kápẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú dráìwọ́ọ̀lù, pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé níbí. A ò lè kó gbogbo ìyẹn dànù. Omi nìkan la lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tùràrí àti èyí tí ẹ ń fọ́n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ebu, wọ́n kàn gbé òórùn mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí ni.

Níbo wá ni omi ti ń wọlé? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣílẹ̀kùn fún un láràárọ̀, láti ojú fèrèsé yẹn.

Mo mọ̀ pé yóò ṣe yín bákan. Nílé wa, bí yàrá bá ń rùn, fèrèsé la máa ń ṣí, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí ògiri ilé lórí ilẹ̀ máa ń gbóná bí ìta bá ṣe gbóná. Inú ilẹ̀ ni ògiri bésímẹ́ǹtì wà, ilẹ̀ Maryland sì tutù nísàlẹ̀, àní nínú oṣù Keje. Ẹ gbé ìgò mínírà jáde láti inú fíríìjì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì: ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti ń làágùn. Omi yẹn kò tinú ìgò jáde, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọnkéré yín ń làágùn. Bí ìta bá gbóná dé 86°F, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 60%, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 70°F lọ ni omi á máa sẹ̀ sí lára. Ìdí ògiri yín àti ilẹ̀ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Torí náà, bí ẹ bá ṣe ń ṣí fèrèsé tó ni òórùn á ṣe máa le tó. Ẹ tì í. Títí ooru yóò fi lọ, ẹ má ṣí i.

Ẹ wá lọ ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, hygrometer ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́n, ó wà ní Home Depot. Àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ọ̀rinrin inú ilé má ju 60% lọ, wọ́n ní 30 sí 50% ló dára jù. Nínú bésímẹ́ǹtì àwọn èèyàn wa tí mo máa ń wọ̀ lágbègbè yìí nígbà ooru, 75 ni mo máa ń bá, ìgbà mìíràn ó máa ń kọjá 80, onílé á sì máa sọ fún mi pé kò sómi níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí ògiri fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ gé fọ́ìlì tí ẹ fi ń bo oúnjẹ, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Ẹ nu ojú ògiri kọnkéré náà gbẹ, kí ẹ fi téèpù lẹ fọ́ìlì mọ́ ọn, gbogbo etí rẹ̀ pátá, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ lẹ òmíràn mọ́lẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, ẹ padà lọ wò ó. Bí ojú fọ́ìlì tó kọjú sí yín bá tutù, tí ìka yín sì fa ìlà nínú omi ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ilé ni omi náà ti wá. Bí ojú yẹn bá gbẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣí i tí ẹ bá omi róbótó róbótó ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó fara mọ́ ògiri, a jẹ́ pé láti inú ilẹ̀ ìta lomi ti ń gba inú ògiri wọlé. Ó lè jẹ́ méjèèjì pọ̀ o. Bí ẹ bá tún rí ìyẹ̀fun funfun kan tó ń yọ lára búlọ́ọ̀kù, iyọ̀ ni: omi tó gba inú ògiri kọjá ló gbé e wá, omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́kù.

Bó bá jẹ́ ti ìta, ẹ má tíì pe àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ yí ìpìlẹ̀ ilé ká, torí iye tí wọ́n máa pè á lé oorun lójú yín. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀, kí Bàbá Ìbejì mú agbòjò, kó yípo ilé. Kó wo ibi tí páìpù gọ́tà òrùlé ń da omi sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tó máa bá níbẹ̀: ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ páìpù náà ti já láti ọjọ́ tí ẹni tó ń gé koríko ti fi ẹ̀rọ gbá a, omi wá ń tú sí ìdí ògiri gan-an, ó ti gbẹ́ kòtò kékeré kan síbẹ̀, ewé jíjẹrà sì kún inú kòtò ọ̀hún. Òrùlé tó fẹ̀ tó 1,000 square feet, bí òjò íńṣì kan péré bá rọ̀ sí i, omi tó ń ti orí rẹ̀ bọ́ lé ní 620 gálọ́ọ̀nù. Ìdí ògiri bésímẹ́ǹtì ni ẹ ń da ìyẹn sí. Páìpù àfikún tí yóò gbé omi jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ara ilé kò wọ́n rárá, òun ló sì máa ń parí ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kó wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Ó yẹ kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri, ìwọ̀n íńṣì mẹ́fà láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rì, tí omi ń wọ́ padà sídìí ilé, kí wọ́n ra yẹ̀pẹ̀ dí i. Ọ̀dà tí wọ́n ń polówó pé kì í jẹ́ kí omi wọlé, ẹ fi sílẹ̀ ná. Bí omi bá ṣì ń ti ògiri láti ẹ̀yìn, yóò bó.

Bó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ẹ ra dehumidifier. Irinṣẹ́ inú rẹ̀ kan náà ni ti fíríìjì: ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ara páìpù tútù kan, omi á sẹ̀ sí páìpù náà, á sì máa kán sínú garawa. Ẹ yàn án sí 50%. Garawa yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ o. Bó bá ti kún, ẹ̀rọ á dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Họ́ọ̀sì ni kí ẹ so mọ́ ọn, kó máa da omi rẹ̀ tààrà sí ihò omi ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì. Ní ti ìwọ̀n, iye omi tó lè fà lóòjọ́ ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, wọ́n ń fi pint kà á. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀rẹ́ yín ní 70 ni tòun, ẹ má wá 70 kiri. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ náà wò ní 65°F dípò 80°F, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ sì ti wá sílẹ̀: 70 àtijọ́ ni nǹkan bíi 50 ti ìsinsìnyí. 50 yẹn ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò ní cpsc.gov, ìkànnì àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọjà, torí wọ́n ti pe àìmọye dehumidifier padà láti ọdún 2013 nítorí pé wọ́n ń gbiná.

Ó wá ku ẹrù. Kúlà ayẹyẹ yẹn, ṣé wọ́n gbẹ kí ẹ tó dé wọn? Mo béèrè torí mo mọ̀ wá. A máa ń parí ìkómọ ní aago méjì òru, a ó ṣan kúlà, a ó dé e, a ó gbé e sísàlẹ̀, ó di ayẹyẹ mìíràn. Ẹ ṣí ọ̀kan níbẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí. Aṣọ ẹbí, ẹ kó o kúrò nínú Ghana-must-go, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kó o sínú àpótí oníke tó ní ìdérí, kí àpótí wà lórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì fara ti ògiri. Aṣọ òkè ni kí ẹ gbé lọ sókè, kò yẹ kó sùn sísàlẹ̀ rárá. Páálí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Èlùbọ́ ńkọ́? Ó dùn mí láti sọ ọ́, mo mọ iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́ Ọ̀yọ́ níbí. Bó bá ti bu, tó bá ti dìpọ̀, tàbí tó ń rùn bí ilé náà ṣe ń rùn, ẹ dà á nù. Oríṣi ebu kan wà tó ń fi májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin sínú oúnjẹ. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, omi gbígbóná tí ẹ fi ń rokà kò sì ní pa á.

Fífọ ògiri kì í ṣe iṣẹ́ aláboyún. Bàbá Ìbejì ni kó dé ìbòmú N95, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tó dúdú, kó sì fi fáànù gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó lọ, kó pe àwọn tó ń ṣe é. EPA kò ní kéèyàn sọ bílíìṣì di oògùn ebu, bó bá sì fẹ́ lò ó, kó má pò ó mọ́ ohun tó ní ammonia, èéfín rẹ̀ lè pani. Dráìwọ́ọ̀lù tó ti bu wọnú kò ṣeé fọ̀, kó gé e. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà lórí kọnkéré, kó ká a kúrò. Tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ máa ń mu omi, ojú kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù. Lọ́jọ́ iwájú, bí omi bá dà síbẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́ kó tó pé wákàtí 24 sí 48, ebu kò ní ráyè hù.

Ní ti kí Màmá máa sùn síbẹ̀, ó tì o. Ẹ ní fèrèsé kékeré ni. Òfin ìkọ́lé níbí fẹ́ kí yàrá tí èèyàn ń sùn ní bésímẹ́ǹtì ní fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tí a lè bá jáde bí iná bá sọ, kí ìsàlẹ̀ fèrèsé náà má sì ga ju íńṣì 44 lọ sílẹ̀ yàrá. Gáàsì kan tún wà tó ń jẹ́ radon, tó ń tinú ilẹ̀ wọ bésímẹ́ǹtì. Kò lóòórùn, àmọ́ òun ló tẹ̀ lé sìgá nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tó 4 pCi/L, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon inú afẹ́fẹ́, ẹ pe oníṣẹ́. Yàrá àwọn ìbejì ni kí ẹ fún Màmá. Àwọn ìbejì á gbádùn mọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oṣù díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, bésímẹ́ǹtì tèmi ní Chicago kì í bu, ó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti dé, òórùn ṣáláńgá á máa jáde lápá ibi tí ihò omi wà nílẹ̀. Kí ló fà á? (Bàbá Adúgbò, Chicago)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ bu omi tó ìdajì gálọ́ọ̀nù, ẹ dà á sínú ihò yẹn. Páìpù abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, omi tó máa ń dúró síbi tó tẹ̀ ló ń dínà fún afẹ́fẹ́ ṣáláńgá. Bí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí kò sẹ́ni tó ń da omi síbẹ̀, omi á gbẹ, ọ̀nà á ṣí. Ẹ kán òróró ṣíbí kan lé e lórí, kò ní tètè gbẹ mọ́. Bó bá ṣì ń rùn lọ́jọ́ kejì, ẹ pe pulọ́ńbà. Àti pé bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní Chicago, ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má fọṣọ, kí wọ́n má sì wẹ̀ títí òjò á fi dá. Páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti ti ilé ìgbẹ́ nílùú yín, bó bá kún, ihò bésímẹ́ǹtì yẹn ló máa ń gbà padà.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo rẹ́ǹtì yàrá abẹ́ ilé àtijọ́ kan ní Peckham, London, ebu dúdú sì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Onílé ní èmi ni mo fà á, pé mò ń sá aṣọ sínú yàrá, mi ò sì ń ṣí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Maryland ní kí n ti fèrèsé pa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìwọ ṣí tìrẹ. Ooru Maryland ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ. Afẹ́fẹ́ London nínú oṣù Kìíní tutù, omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá wọlé, tó sì gbóná, ó ń gbẹ, omi inú yàrá ló máa gbé jáde. Ṣí fèrèsé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti lẹ́yìn tó o bá wẹ̀ tàbí tó o bá se oúnjẹ, kó o sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Onílé rẹ jàre díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ: omi tó bá kúrò lára aṣọ, inú yàrá náà ló ń lọ. Lọ gbẹ aṣọ rẹ ní láńdírì.

Ṣùgbọ́n kò jàre tán. Jáde síta, bẹ̀rẹ̀, wo ìsàlẹ̀ ògiri. Wà á rí búlọ́ọ̀kù oníhò níbẹ̀, airbrick, èyí tí àwọn tó kọ́lé fi sí i kí abẹ́ ilé lè máa mí. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì tàbí ọ̀dà dí i, ya fọ́tò rẹ̀. Padà wọlé, wo àbàwọ́n. Ebu dúdú ní kọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn ẹrù, afẹ́fẹ́ yàrá ló sábà máa ń fà á. Ìlà àbàwọ́n tó ti ilẹ̀ gùn sókè, tí iyọ̀ sì wà lára rẹ̀, láti inú ilẹ̀ lomi ti ń bọ̀, fèrèsé kankan kò lè wo ìyẹn sàn. Onílé ló ni iṣẹ́ yẹn.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Òfin Homes (Fitness for Human Habitation) ọdún 2018 sọ pé ilé tí wọ́n ń rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ṣeé gbé, ọ̀rinrin àti ebu sì wà lára ohun tó ń kà. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tí ebu inú ilé àjọ (ilé tí àjọ kan ń rẹ́ǹtì fún aráàlú) ní Rochdale pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin kejì, Awaab's Law, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àwọn tó ń gbé ilé káńsù àti ilé àjọ ni òfin yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, onílé àdáni ni tìrẹ, torí náà ti ọdún 2018 ni kó o dìmú. Má fóònù fún onílé náà, kọ ímeèlì sí i, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kó o sì so gbogbo fọ́tò yẹn mọ́ ọn. Bí kò bá dá ọ lóhùn, Southwark Council ló ni Peckham: ẹ̀ka Environmental Health wọn ni kó o fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí, kó o ní kí wọ́n wá wo yàrá náà.